Ṣé a máa ń ka ọjọ́ tí a bí ọmọ mọ́ ọn? Ọ̀rọ̀ ìsọmọlórúkọ kan ní Ilé-Ifẹ̀ àti kàlẹ́ńdà àwọn ará Róòmù

Akọ́mọlédè Lágere

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ sì kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀ ní àgbàlá wa ní Lágere tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò. Ẹ̀rín ni a kọ́kọ́ fi rín in, ṣùgbọ́n nígbà tí mo tọ ipa rẹ̀ lọ, ọ̀dọ̀ àwọn ará Róòmù ayé àtijọ́ ni ó gbé mi dé.

Àbúrò mi obìnrin bí ọmọkùnrin ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà oṣù. Ọkọ rẹ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́ ní òkè òkun, nítorí náà èmi ni mo pe àwọn àna wa ní Èkó lórí fóònù, tí mo sì sọ fún wọn pé ní ọjọ́ kẹjọ ni a ó sọ ọmọ lórúkọ, bí àwọn baba wa ti ń ṣe é. Nígbà tí ó di Ọjọ́bọ̀ kejì, gbogbo ẹbí pé, a retí àwọn àna títí oòrùn fi kan àtàrí, a pè wọ́n, fóònù wọn kò lọ. Nígbà tí àwọn àgbà kò lè dúró mọ́, wọ́n fi omi, oyin, iyọ̀, obì, orógbó àti ataare ṣe àdúrà, wọ́n sì sọ ọmọ lórúkọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, bí ìyá wa ti ń fi kànìnkànìn ha ìdí ìkòkò ìrẹsì tí ó jóná, bọ́ọ̀sì kan dúró lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn àna ni! Àǹkárá kan náà ni gbogbo wọn wọ̀, wọ́n mú ewúrẹ́ kan àti kẹ́ẹ̀gì oyin méjì dání, àga tí a háyà sì ti padà sọ́dọ̀ ẹni tí ó ni ín. Ẹ̀gbọ́n ọkọ ní òun fi mẹ́jọ kún mẹ́fà, ó di mẹ́rìnlá, òní gan-an sì ni ọjọ́ kẹrìnlá oṣù. Ìyá wa sọ kànìnkànìn sílẹ̀, ó ní: "Ọjọ́ tí ọmọ délé ayé ńkọ́? Ṣé òun kì í ṣe ọjọ́ ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé lọ sídìí ìwé. Ní ọdún 46 kí a tó bí Jésù, Julius Caesar rí i pé kàlẹ́ńdà Róòmù ti ṣáko pátápátá, nítorí pé àwọn àlùfáà tí ó wà nídìí rẹ̀ a máa fi oṣù kan kún ọdún nígbà tí ọ̀rẹ́ wọn bá wà lórí oyè, kí ó lè pẹ́ níbẹ̀, wọn a sì gbàgbé láti fi kún un bí ó bá jẹ́ ọ̀tá wọn ni. Kí Caesar tó lè tún nǹkan ṣe, ọjọ́ 445 ni ó fún ọdún kan ṣoṣo yẹn. Lẹ́yìn náà ni ó pàṣẹ pé kí wọ́n máa fi ọjọ́ kan kún ọdún ní ọdún kẹrin-kẹrin. Wọ́n pa á ní ọdún 44, àwọn àlùfáà sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé àṣẹ rẹ̀ bí ìyá wa ìbá ti tẹ̀lé e: wọ́n ka ọdún tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọjọ́ kún gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan, ọdún kẹrin sì dé lẹ́yìn ọdún mẹ́ta péré. Láàárín ọdún 36, ọjọ́ 12 ni wọ́n ti fi kún un dípò 9. Augustus, tí ó jọba ní Róòmù lẹ́yìn Caesar, ni ó dá wọn dúró, tí ó pàṣẹ pé kí ọdún púpọ̀ kọjá láìfi ọjọ́ kankan kún un, títí àṣìṣe náà fi lọ.

Ìbéèrè mi ni pé, níbo ni ẹ tún ti rí kíkà báyìí nínú oṣù, ọ̀sẹ̀ tàbí ọdún ṣíṣe?

Ìyá Bọ́sẹ̀ Ẹlẹ́pà

Akọ́mọlédè, ẹ kú oríire ọmọ tuntun o, Olúwa yóò wò ó. Ìyá yín ló jàre. Ọjà ni mo ti ń jẹun láti kékeré, kíkà yìí gan-an ni gbogbo ọjà wa dúró lé lórí.

Ọjà ọrún ni a ń pe èyí tí a ń ná ní ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin, bẹ́ẹ̀ inú àrún-ún ni orúkọ náà ti jáde. Ọjà ìsán ni èyí tí ó ń pé ní ọjọ́ mẹ́jọ-mẹ́jọ, inú ẹ̀sán ni ó ti wá. Ìtàdógún, tí àwọn ẹgbẹ́ wa fi ń pe ìpàdé, ẹ̀ta dín lógún ni, ìyẹn 17, ṣùgbọ́n ọjọ́ 16 péré ni ó wà láàárín ìpàdé kan àti èkejì. Ẹni tí kò mọ̀ yóò rò pé àwọn baba wa kò mọ ìṣirò. Wọ́n mọ̀ ọ́n dáadáa. Òní ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, nítorí pé inú òní ni a wà.

Màmá tí ó bí mi kò kàwé, ṣùgbọ́n ọjà kò ṣì í lọ́wọ́ rí. Orí fèrèsé yàrá rẹ̀ ni ó ń kó èkùrọ́ sí. Ní ọjọ́ ọjà, yóò fi ẹyọ kan lélẹ̀, yóò sì máa fi ẹyọ kọ̀ọ̀kan kún un ní àràárọ̀. Bí èkùrọ́ bá ti pé márùn-ún, ọjà tún pé nìyẹn, yóò gbé igbá ẹ̀pà lérí. Kí ó tó jáde, yóò kó mẹ́rin kúrò, yóò fi ẹyọ kan tí ó kẹ́yìn sílẹ̀. Mo bi í nígbà tí mo wà ní kékeré pé kí ló dé tí kò kó gbogbo rẹ̀ tán. Ó ní ẹyọ tí ó kù yẹn ni ó parí ọrún àná, òun náà ni ó sì bẹ̀rẹ̀ ọrún tuntun, a kò lè jù ú nù.

Ẹ tún wo ìjẹta. Ẹ̀ta wà nínú rẹ̀ kedere, síbẹ̀ ọjọ́ méjì sẹ́yìn ni. Òní ni ọ̀kan, àná ni èjì, ìjẹta ni ẹ̀ta.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìtàn

Ẹ kú iṣẹ́ o, Màámi. Inú mi dùn débi pé mo ka ọ̀rọ̀ èkùrọ́ yẹn sókè fún àwọn tí a jọ ń gbé yàrá ní ọgbà Fásitì níbí. Ìdí ni pé àwọn ará Róòmù náà ní ọjà ìsán tiwọn! Nundinae ni wọ́n ń pè é, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ti ọjọ́ kẹsàn-án, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ mẹ́jọ-mẹ́jọ ni àwọn àgbẹ̀ wọn ń kó irè oko wọ ìlú láti wá tà. Àwọn ará Faransé títí di òní, bí wọ́n bá fẹ́ pe ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n lè sọ pé ọjọ́ mẹ́jọ, ọ̀sẹ̀ méjì a sì di ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́nu wọn.

Kódà, ọ̀rọ̀ kàlẹ́ńdà fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ ọjà àti owó ni. Kalends ni àwọn ará Róòmù ń pe ọjọ́ kìíní oṣù, ọjọ́ náà sì ni èlé orí owó ń pé. Ìwé tí olówó èlé ń kọ orúkọ àwọn onígbèsè sí ni wọ́n ń pè ní kalendarium. Nítorí náà, ohun tí gbogbo wa gbé kọ́ sára ògiri, ìwé gbèsè ni láti ìbẹ̀rẹ̀. Augustus a máa sọ nípa ẹni tí kò ní san gbèsè láéláé pé yóò san án ní Kalends àwọn Gíríìkì, nítorí pé àwọn Gíríìkì kò ní Kalends kankan.

Nípa orúkọ oṣù, ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un. Oṣù Máàṣì ni ọdún Róòmù fi ń bẹ̀rẹ̀ nígbà láéláé. Ìdí nìyẹn tí Sẹ̀tẹ́ńbà fi túmọ̀ sí ìkeje, Ọkitóbà sí ìkẹjọ, Nòfẹ́ńbà sí ìkẹsàn-án, Dìsẹ́ńbà sí ìkẹwàá, tí gbogbo wọn kò sì sí ní àyè wọn mọ́. Wọ́n sọ oṣù karùn-ún di Júláì fún Julius Caesar ní ọdún 44, wọ́n sì sọ oṣù kẹfà di Ọ́gọ́ọ̀sì fún Augustus ní ọdún 8 kí a tó bí Jésù. Augustus kò sì fẹ́ kí oṣù tirẹ̀ kéré sí ti Caesar, ó yọ ọjọ́ kan lára Fẹ́búárì, ó fi kún tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Fẹ́búárì fi jẹ́ ọjọ́ 28.

Akọ́mọlédè Lágere

Àbúrò mi, ọ̀rọ̀ rẹ dùn, mo sì kí ọ kú akitiyan, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n bá ọ tún ti ìgbẹ̀yìn yẹn ṣe, nítorí pé wọ́n fi kọ́ èmi náà ní ilé ìwé, ó sì pẹ́ kí n tó mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Augustus kò jí ọjọ́ ẹnikẹ́ni. Ọ̀dọ̀ ọkùnrin onímọ̀ kan tí ń jẹ́ Sacrobosco, tí ó gbé ayé ní nǹkan bí ọdún 1200 lẹ́yìn Augustus, ni ìtàn náà ti tàn kálẹ̀. Oṣù tí ó di Ọ́gọ́ọ̀sì ti ní ọjọ́ 31 láti ìgbà tí Caesar ti tún kàlẹ́ńdà ṣe, kí ó tó di pé wọ́n fi orúkọ Augustus pè é.

Òótọ́ ibẹ̀ gan-an ló dùn jù. Àwọn ará Róòmù bẹ̀rù nọ́ńbà tí ó ṣeé pín sí méjì dọ́gba, wọ́n ní kò ní oríire nínú. Nítorí èyí, wọ́n fún oṣù kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ 29 tàbí 31, wọ́n sì fẹ́ kí ọdún náà jẹ́ ọjọ́ 355. Ṣùgbọ́n ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀ wò: bí oṣù 12 bá jẹ́ àìdọ́gba, àpapọ̀ wọn kò lè ṣe kí ó má dọ́gba. Ó di dandan kí oṣù kan ru ẹrù yẹn fún gbogbo oṣù tó kù, wọ́n sì wá gbé e lé Fẹ́búárì lórí, nítorí pé oṣù ètùtù àti ìrántí òkú ni í ṣe, orúkọ rẹ̀ pàápàá láti inú ìwẹ̀nùmọ́ ni ó ti jáde. Bí wọ́n bá wí fún wa ní Ifẹ̀ pé oṣù kan ru ẹbọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kí ọdún lè tòrò, ta ni kò ní yé nínú wa?

Bàbá Ìjọ

Ẹ kú ìjíròrò rere, ẹ̀yin ọmọ mi. Ogójì ọdún ó lé ni mo ti ń ka ẹ̀kọ́ nínú ìjọ, ẹnu sì máa ń yà mí bí àwọn ọ̀dọ́ ti ń bi mí léèrè pé báwo ni Jésù ṣe jí dìde ní ọjọ́ kẹta nígbà tí ó jẹ́ pé ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni ó kú, tí ìdájí ọjọ́ Àìkú sì ni ó jí. Wọ́n fi wákàtí kà á, kò pé wákàtí 72. Ọjọ́ ìjẹta tí Ìyá Bọ́sẹ̀ kà fún wa ni kí wọ́n fi kà á: Ẹtì ni ọ̀kan, Àbámẹ́ta ni èjì, Àìkú ni ẹ̀ta.

Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ dáadáa ni ti ọjọ́ kìíní ọdún. A ń pariwo ọdún tuntun, a ń yin bíńgà, ọ̀pọ̀ wa kò sì rántí pé ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ni. Ẹ ka Kérésìmesì, ọjọ́ 25 oṣù Dìsẹ́ńbà, gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan, kí ẹ máa bọ̀: ọjọ́ kìíní oṣù Jánúárì ni ó jẹ́ ọjọ́ kẹjọ. Lúùkù orí kejì, ẹsẹ ìkọkànlélógún, sọ pé nígbà tí ọjọ́ mẹ́jọ pé láti kọ ọmọ náà nílà, wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní Jésù. Ọjọ́ Ìkọlà Olúwa ni ìwé àdúrà wa àtijọ́ ń pe ọjọ́ kìíní ọdún. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀gbọ́n ọkọ tí ó fi mẹ́jọ kún mẹ́fà yẹn ni wọ́n ní kí ó ṣètò rẹ̀, ọjọ́ kejì ọdún ni à bá máa ṣe é!

Ẹ má dúró níbẹ̀. Ẹ kà á dé ogójì, ọjọ́ kejì oṣù Fẹ́búárì ni ẹ ó bá, òun sì ni ọjọ́ tí Ìjọ ń ṣe ìrántí bí Màríà ti gbé Jésù lọ sí Tẹ́ḿpìlì, gẹ́gẹ́ bí ìyá ọmọ tuntun ti ń gbé ọmọ jáde lọ́dọ̀ wa. Ìgòkè-re-ọ̀run náà bọ́ sí Ọjọ́bọ̀ lọ́dọọdún nítorí pé ogójì ọjọ́ ni, a sì ka ọjọ́ Àjíǹde mọ́ ọn. Ní Amẹ́ríkà, ọjọ́ kejì oṣù Fẹ́búárì kan náà ni wọ́n ń kóra jọ ní ìlú Punxsutawney ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania láti wo ẹranko kan tí ó ń gbé inú ihò bí òkété. Bí ó bá jáde tí ó rí òjìji ara rẹ̀, wọ́n ní òtútù ṣì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Àwọn tí ó ṣí wá láti Jámánì ni wọ́n gbé àṣà náà dé ọ̀dọ̀ wọn, láti ara ọjọ́ ìrántí Màríà yẹn.

Àáfà Sábó

Àsàlámù àláékúmù, mo kí Bàbá Ìjọ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, inú orúkọ ọjọ́ ni ẹ ti máa rí i. Àtìní tí a ń pe ọjọ́ Ajé, èjì ni lédè Lárúbáwá. Àtàláátà jẹ́ ẹ̀ta, Àlàrùbá jẹ́ ẹ̀rin, Àlàmísì jẹ́ àrún-ún. Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n fi ṣe ọ̀kan, wọ́n sì ń kà á bọ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìsọmọlórúkọ ni mo fẹ́ dá sí, nítorí pé mo ti bá àwọn ẹbí mélòó kan parí àríyànjiyàn lórí rẹ̀. Ọjọ́ keje ni hàdíìsì sọ pé kí a pa ẹran ọmọ. Àwọn onímọ̀ wá pín sí méjì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní kí a ka ọjọ́ ìbí mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ìlànà Ìmáàmù Máálíkì, tí àwa ará ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ń tẹ̀lé, ní bí ọmọ bá bí lẹ́yìn tí ojúmọ́ ti mọ́, kí a má ka ọjọ́ náà mọ́ ọn. Ẹ wá wò ó. Ọmọ tí a bí ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ keje rẹ̀ láìka ọjọ́ ìbí ni Ọjọ́bọ̀ kejì. Ọjọ́ kẹjọ rẹ̀ ní ti Yorùbá, tí a ka ọjọ́ ìbí mọ́ ọn, Ọjọ́bọ̀ kan náà ni! Ẹnu ni ó yàtọ̀, ọjọ́ kò yàtọ̀. Nítorí èyí ni mùsùlùmí àti onígbàgbọ́ ṣe lè jókòó lórí ẹní kan náà ní Ilé-Ifẹ̀ láti sọ ọmọ lórúkọ láìsí ìjà.

Nípa ọdún, ọjọ́ 354 tàbí 355 ni ọdún tiwa, nítorí náà ó ń fi bí ọjọ́ 11 sún síwájú ọdún oyìnbó. Ní ọdún 2000, ẹ̀ẹ̀mejì ni a ṣe Ìtúnu Ààwẹ̀: lẹ́ẹ̀kan ní oṣù Jánúárì, lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn Kérésìmesì. Mo rántí pé àwọn ọmọ dunnú gan-an, àwọn baba tí ó ń ra aṣọ ni kò rí bákan náà lára wọn.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìtàn

Mo gba àtúnṣe Ẹ̀gbọ́n lórí Fẹ́búárì, ẹ ṣeun púpọ̀, mà á sọ fún àwọn ẹgbẹ́ mi. Ẹ jẹ́ kí n fi kékeré kan kún ti Bàbá Ìjọ, nítorí pé àwọn ènìyàn a máa bèèrè ìdí tí Rọ́ṣíà àti Etiópíà fi ń ṣe Kérésìmesì ní ọjọ́ keje oṣù Jánúárì. Ọdún Caesar fi ìṣẹ́jú bí 11 gùn ju ti oòrùn lọ, ó sì ń kó jọ díẹ̀díẹ̀. Ní ọdún 1582, Póòpù Gregory Kẹtàlá pàṣẹ pé kí ọjọ́ tí ó tẹ̀ lé ọjọ́ kẹrin oṣù Ọkitóbà jẹ́ ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún. Obìnrin mímọ́ Teresa ti Ávila kú ní òru ọjọ́ yẹn gan-an, ọjọ́ kejì tí ilẹ̀ mọ́ sì ti di ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gbà títí di ọdún 1752, tí wọ́n sùn ní ọjọ́ kejì oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà, tí wọ́n jí ní ọjọ́ kẹrìnlá. Ìjọ Rọ́ṣíà àti ti Etiópíà kò gbà á fún ọdún ìsìn wọn títí di òní, ọjọ́ 13 sì ni ó wà láàárín wọn àti àwa.

Ọmọ Ẹ̀nuwá

Ẹ kú ọgbọ́n o, ẹ̀yin àgbà. Ẹ ti rìn jìnnà, ẹ jẹ́ kí n dá wa padà sílé díẹ̀. Àwọn àgbà a máa sọ pé kò sí ọjọ́ tí a kì í bọ ní Ifẹ̀ láàárín ọdún, àfi ọjọ́ kan ṣoṣo. Àwa náà ni a sì ní ọdún tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ọlọ́jọ́, ẹni tí ó ni ọjọ́. Lẹ́yìn tí Ọọ̀ni bá ti wọ ìpèbí fún ọjọ́ mélòó kan, yóò jáde pẹ̀lú adé Arè lórí, èyí tí kì í dé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́dún, yóò sì lọ sí Òkè-Mọ̀gún. Ẹni tí ó bá dúró ní Ẹ̀nuwá ní ọjọ́ yẹn, tí ìlù ń dún, tí gbogbo ojú ń wo ẹnu ọ̀nà ààfin, yóò mọ̀ pé ọjọ́ kan lè ju ọjọ́ mìíràn lọ.

Mo wá fi ọ̀sẹ̀ àwọn baba wa ṣe ìṣirò. Ọjọ́ mẹ́rin ni: ọjọ́ Ọbàtálá, ọjọ́ Ifá, ọjọ́ Ògún, ọjọ́ Ṣàngó. Ọdún lásán jẹ́ ọjọ́ 365. Bí a bá fi mẹ́rin pín in, ó kù ọ̀kan. Bí a bá fi méje pín in, ó kù ọ̀kan! Nítorí náà, bí wọ́n bá bí ọmọ yín ní ọjọ́ Ifá tí ó bọ́ sí Ọjọ́rú, nígbà tí ó bá fi pé ọdún kan, ọjọ́ Ògún tí ó bọ́ sí Ọjọ́bọ̀ ni yóò jẹ́, àfi bí oṣù Fẹ́búárì bá lé ọjọ́ kan láàárín. Ọ̀sẹ̀ méjèèjì jọ ń sún ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí ọjọ́ Ọbàtálá bá sì pàdé ọjọ́ Ajé lónìí, ó di ọjọ́ 28 kí wọ́n tó tún pàdé, iye tí Fẹ́búárì ní gẹ́lẹ́. Màmá Ìyá Bọ́sẹ̀ ìbá ní èkùrọ́ 29 lórí fèrèsé lọ́jọ́ náà.

Àna Èkó

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àna mi, ẹ sì kú ìjíròrò gbogbo ilé. Èmi ni ẹ̀gbọ́n ọkọ tí ó gbé ewúrẹ́ dé ní ọjọ́ Ẹtì. Mo ti ka gbogbo ọ̀rọ̀ yìí láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo sì kúnlẹ̀ bẹ Màmá fún ìrònú tí mo fà. Mo fẹ́ bèèrè ti ogójì ọjọ́ tí ọmọ yóò jáde, kí n má baà tún ṣì í. Mo ti kó èkùrọ́ sórí fèrèsé níbí. Bí mo bá ka Ọjọ́bọ̀ tí a bí i mọ́ ọn, ọjọ́ Ajé ni ó bọ́ sí. Bí n kò bá kà á mọ́ ọn, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Èwo ni kí a mú bọ́ọ̀sì fún?

Akọ́mọlédè Lágere

Àna mi àtàtà, ẹ ṣeun, Ọlọ́run yóò bù kún yín. Ọjọ́ Ajé ni. Màmá ní kí n sọ fún yín pé ìkòkò ìrẹsì yóò ti wà lórí iná láti aago mẹ́fà àárọ̀, àti pé ewúrẹ́ tí ẹ mú wá ṣì wà ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń jẹ èèpo iṣu, ó ń dúró dè yín.